Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Eli Lórí Àga Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Samuẹli Kìn-ín-ní, orí 1, ẹsẹ 9 sí 17. Ẹ ò ní bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ ni mo mú lọ́sẹ̀ yìí: ọmọ màmá kan nínú ìjọ wa dé ẹnu ọ̀nà wa, ẹnì kan sì pè é ní ọmọ Yahoo lójú gbogbo èèyàn nítorí irun orí rẹ̀.

Eli àlùfáà jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ilé Olúwa ní Ṣilo. Àsìkò ẹbọ ọdọọdún ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán. Hanna, obìnrin tí kò tíì rọ́mọ bí, ń gbàdúrà; ètè rẹ̀ ń mì, a ò gbọ́ ohùn. Bàbá ní ó ti mutí yó. Eli kì í ṣe ìkà o. Àdúrà tó mọ́ ọn lára ni èyí tí etí ń gbọ́, ibi àsè sì rèé, ọtí ò jìnnà. Ohun tí ojú rẹ̀ ò rí rí, kíá ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Kò tiẹ̀ béèrè.

Ẹ wá ka ẹsẹ 11, èyí tí a máa ń fò. Hanna jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Olúwa bá fún òun ní ọmọkùnrin, abẹ ò ní kan orí ọmọ náà. Samuẹli tí a fi ń sọ ọmọ wa lórúkọ yìí náà ni! Bó bá dé ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú irun yẹn, ta ni yóò jẹ́ kó wọlé? Ọmọ Yahoo la ó pè é. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá yìí ni wọ́n ti ń bí ọmọ dàda, tí àwọn ìyá wa kì í déédéé fi abẹ kan orí rẹ̀. Lójú wọn, ọmọ náà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Lójú tiwa, olè ni. Irun kan náà ni o.

Àwọn wo ló sì wà nínú ilé Olúwa nígbà yẹn? Hofni àti Finehasi, àwọn ọmọ Eli tí wọ́n jẹ́ àlùfáà. Lefitiku 7 ti fún àlùfáà ní igẹ̀ àti itan ọ̀tún, lẹ́yìn tí ọ̀rá bá ti jóná lórí pẹpẹ. Kò tó wọn. Ìránṣẹ́ wọn á ti àmúga eléyín mẹ́ta bọ inú ìkòkò olóhun, ohun tó bá gbé jáde di tiwọn. Wọ́n tún ń fi ipá gba ẹran tútù. Wọ́n ń bá obìnrin sùn lẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Eli bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ nípò wọn.

Ẹ̀yin ọ́ṣà, ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ta la ti bi léèrè rí níbí pé níbo lo ti rówó ra léèsì tó o wọ̀ jókòó níwájú?

Láti òní lọ, ẹ kí èèyàn kẹ́ ẹ tó wo orí rẹ̀. Ẹ fún un ní àga àti ìwé orin. Bí nǹkan bá ń kọ yín lóminú, kí ẹnì kan lọ bá a ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, bí Mátíù 18:15 ti wí, kó béèrè, kó sì gbọ́ ọ tán. Ẹni tí a bá dójú tì lẹ́nu ọ̀nà ò ní dúró gba ìbáwí kankan, nígbà tí àwọn tó ń wòran bá sì fi máa mú fóònù jáde, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Ohun kan wu mí lára Eli: nígbà tí Hanna ṣàlàyé, kò bá a jiyàn. Níbẹ̀ náà ló ti ní, “Máa lọ ní àlàáfíà.” Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ló sọ̀rọ̀ yẹn, kó dìde lọ sílé wọn kí Sátidé tó dé. Kì í ṣe lórí WhatsApp. Bó bá ń tijú, kó pè mí, a ó jọ lọ. Mo fẹ́ràn yín, àti ẹ̀yin tí inú ń bí sí mi báyìí. Màmá, àga yín wà níbẹ̀, àti ti ọmọ yín.

Ìkéde: Gbogbo ọ́ṣà, ìpàdé Sátidé, agogo 4 ìrọ̀lẹ́, kò sí àwáwí. Àpò-ìwé ìkórè ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó mú gángan ẹgbẹ́ akọrin lọ sí òde ìgbéyàwó, wọ́n ní kẹ́ ẹ dá a padà.