Ipele 3 kì í ṣe àárín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn tí yìnyín ya lù lórí òkè. Ẹ ní ewu ọjọ́ náà “kò kọjá àárín”, nítorí pé ipele 3 nínú 5 ni wọ́n kéde fún ewu yíya yìnyín. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ní ọ̀rọ̀.

Ìwọ̀n yẹn, tí Yúróòpù ti ń lò láti 1993, kì í gùn ní dọ́gba-dọ́gba bí àtẹ̀gùn ilé. Bó bá fi ẹyọ kan lé, ewu ti di ìlọ́po. Àwọn olùwádìí SLF, ilé ìwádìí yìnyín tó wà ní Davos, ní Switzerland, ṣírò rẹ̀: ipele 3 ni wọ́n ń kéde fún bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbà òtútù, síbẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni bíi ìdajì àwọn tí yìnyín ń pa ti ń kú. Tí wọ́n bá pe 4 tàbí 5, ẹsẹ̀ kì í pọ̀ lórí òkè. Tó bá jẹ́ 3, oòrùn lè ràn, ojú ọ̀run lè mọ́, ọkàn á sì balẹ̀.

Ọkàn tèmi náà balẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwa mẹ́ta la jọ lọ. A ń gba ibi tó tẹ́jú kọjá nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nígbà tí mo gbọ́ “hùùm!”, bí ìgbà tí wọ́n ju àpò ẹrù sílẹ̀ nínú yàrá òkè. Orúnkún mi mọ̀ ọ́n kí etí mi tó mọ̀ ọ́n: yìnyín tí mo dúró lé wọlẹ̀ díẹ̀, ìlà tín-ín-rín bí òwú sì sáré jáde láti orí síkì mi, pákó gígùn tí mo so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi rìn lórí yìnyín. Ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú wa kò sọ nǹkan kan. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, a sì ń tọ ipasẹ̀ ara wa padà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a dé ibi tí kò léwu, ẹ̀gbọ́n náà fi ṣọ́bìrì gbẹ́ yìnyín títí kan ilẹ̀. Òkè rẹ̀, bíi 60 sẹ̀ǹtímítà, le bíi pákó. Mo bu ti ìsàlẹ̀ sọ́wọ́, mo fẹ́ dì í bí ẹní dì bọ́ọ̀lù, ó ń dà láàárín ìka mi bíi ṣúgà. Ó ní yìnyín àkọ́rọ̀ ni, tó tinrín nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù gan-an tí ilẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ooru ilẹ̀ ń gba inú rẹ̀ gòkè, ó ń sọ ọ́ di hóró ńláńlá tí kì í di ara wọn mú. Yìnyín míì wá rọ̀ lé e, atẹ́gùn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ojú òkè máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ tún kọ ọ́ pé igbe ló fà á. Rárá o! Igbe ẹnu kì í ya yìnyín. Nínú yíya yìnyín mẹ́wàá tó bá pààyàn, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ẹni tó kú tàbí ẹni tí wọ́n jọ rìn ni ìwúwo rẹ̀ já a. Ibi tó dà láàárín dígírí 30 sí 45 ló sì sábà máa ń ya. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde ipele 3, mi ò kì í kọjá dígírí 30, mi ò sì ń rìn nísàlẹ̀ ibi tó dà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ẹ̀rọ tí à ń so mọ́ àyà, tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí yìnyín bo ẹni mọ́, ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15 lábẹ́ yìnyín, ìrètí ń já kíákíá. Kí hẹlikọ́pítà tó dé, ẹni tí ẹ jọ lọ ni yóò gbẹ́ yín jáde, tó bá mú ṣọ́bìrì dání.

Nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ tẹ nọ́ńbà ipele yẹn jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyókù ìkéde náà kún un: ẹ̀gbẹ́ òkè wo, gíga wo, irú yìnyín wo. Lọ́jọ́ tiwa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ìsàlẹ̀ yìnyín kò dì ní ẹ̀gbẹ́ àríwá. Nọ́ńbà nìkan ni mo kà.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń gun òkè