Ẹ̀wà Ṣeé Kà, Ìrẹsì Ò Ṣeé Kà

Ìbàdàn,
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? A dúpẹ́ níbí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ló mú mi kọ̀wé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣeé kà (countable) àti èyí tí kò ṣeé kà (uncountable). Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà: beans ṣeé kà, rice ò ṣeé kà. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Bódìjà nawọ́. “Mà, kóńgò kan náà la fi ń wọn méjèèjì. Tí mo bá jókòó, màá ka hóró ìrẹsì tán. Ta ló ní kò ṣeé kà?” Kí n tó lanu, ẹlòmíràn ní owó ńkọ́, ṣebí òun ni wọ́n ń kà ní báńkì látàárọ̀ dalẹ́? Ni kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in, nítorí n ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀bi àwa tíṣà ni. “Ṣeé kà” yẹn ló ń tan àwọn ọmọ jẹ. Ohun tí Òyìnbó ń wò ni bóyá èdè rẹ̀ gbà kí nọ́ńbà fara kan ọ̀rọ̀ náà tààrà. Five beans lọ, five rice ò lọ. Furniture wá ńkọ́, tí àga mẹ́fà wà ní pálọ̀ tí èèyàn ń rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Ìyẹn ò ní àlàyé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, àwa àgbà gan-an ṣì ń fi s sí i.

Lánàá, mo yá kóńgò, mo gbé e wọ kíláàsì pẹ̀lú búrẹ́dì, ọṣẹ àti omi inú ọ̀rá. Mo ní kí wọ́n tà fún mi. Lẹ́nu wa, búrẹ́dì méjì, ọṣẹ méjì, omi méjì, ó parí. Nígbà tí mo kọ two loaves of bread, two bars of soap, ọmọ Bódìjà yẹn ní: “Háà, Mà! Òyìnbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá kóńgò fún un kó tó lè kà á!” Mo ṣíwọ́ àlàyé.

Much (ti èyí tí kò ṣeé kà) àti many (ti èyí tó ṣeé kà) ṣì ń yọ wá lẹ́nu, torí “púpọ̀” kan ṣoṣo ló tó wa fún omi àti èèyàn. Few àti a few rọrùn díẹ̀. Mo ní ẹni tó sọ pé I have few friends ń ráhùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹni tó fi a sí i lọ́rẹ̀ẹ́ díẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Àwọn ìbejì tí o ní wọ́n ń sọ “àwọn ìwé mẹ́ta” dípò “ìwé mẹ́ta”, bí ẹni ń wá s inú three books, má bá wọn jà. Ọ̀dọ̀ mi níbí, three book ni wọ́n ń kọ. Tí o bá ń sebẹ̀, jẹ́ kí wọ́n máa bá ọ ka ata: ata mẹ́ta, tòmátì mẹ́fà. “Àwọn” yẹn á já bọ́ fúnra rẹ̀.

Jẹ́ kí n sùn. Kóńgò ìyá ọmọ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ó sì gbọ́dọ̀ dé Bódìjà kí ọjà tó gbóná lọ́la.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tíṣà.