Má Ṣe Fi Bach Na Àbúrò Rẹ

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ pé o dé Ifẹ̀ láyọ̀. Ọ̀rọ̀ alẹ́ Sátidé kò tíì kúrò lọ́kàn mi, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Àbúrò rẹ ń gbọ́ orin Asake, o ní kó pa ariwo yẹn, pé ẹni tó bá ń fi àwọn ọmọ ìsinsìnyí wé Bach àti Mozart, àwọn àgbà olórin Yúróòpù àtijọ́, kò mọ orin. Kò fèsì. Ó pa á, ó wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ orin kankan láti yàrá rẹ̀.

O ti mọ Bach jù mí lọ báyìí, inú mi sì dùn sí i. Ọdún 17 ni mo fi tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ bí ohùn mẹ́rin ṣe ń lé ara wọn nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí ọ̀kan kò tẹ èkejì mọ́lẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n rántí bó ṣe dé Leipzig, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1723 láti máa darí orin. Telemann, olórin mìíràn, ni ìgbìmọ̀ ìlú kọ́kọ́ fẹ́ fún iṣẹ́ náà. Telemann kò wá. Wọ́n lọ bá olórin kẹta, Graupner, ọ̀gá rẹ̀ kò yọ̀ǹda rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gba Bach. Ó kú ní 1750, wọ́n sì pa púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ tì, títí di 1829 tí Mendelssohn, olórin ọmọ ogún ọdún, darí orin ńlá rẹ̀ lórí ìjìyà Jésù gẹ́gẹ́ bí Mátíù ti kọ ọ́, ní Berlin. Àwọn tó ń bá a jọ́sìn ní ọjọọjọ́ Ìsinmi kò mọ ẹni tó wà láàrin wọn. Báwo ni àwa ṣe wá ń yára dá olórin lẹ́jọ́ tó bẹ́ẹ̀?

Mi ò sọ pé ọgbọọgba ni Asake àti Bach o. Àwọn tó ń pe olórin òde òní ní Mozart náà ń ṣe àṣejù. Ọmọ ọdún 35 ni Mozart nígbà tó kú ní 1791, iṣẹ́ tó kọ sílẹ̀ sì ju 600 lọ. Òun ló ń kọ ohun tí fèrè, fayolíìnì àti ìlù máa ṣe sórí ìwé. Púpọ̀ nínú orin òde òní, ẹnìkan ló ń ṣe ìlù rẹ̀, ẹlòmíràn ń kọ ọ́, ẹlòmíràn ń tún ohùn rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba wa, tí wọ́n gbé lọ London ní 1924, ohun tí ààfin Ìkẹ́rẹ́ ń fẹ́ ló gbẹ́ ẹ fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a fi ohun tí wọ́n ṣe orin kọ̀ọ̀kan fún wọ̀n ọ́n.

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o dúró lé lórí. Èdè Jámánì kò ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa, Bach lè gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tó wù ú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí orin bá gbé "ọkọ́" gba ọ̀nà "ọkọ̀", ohun tí àgbẹ̀ fi ń ro oko ti di mọ́tò. Àwọn orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀, tí a ń fi ohùn òyìnbó kọ, kún fún irú àṣìṣe yìí, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ Ekundayo Phillips lógún gan-an nígbà tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Marina ní Èkó. Gbọ́ Àyìndé Barrister, àgbà onífújì: ọ̀rọ̀ ló ń fa ohùn rẹ̀ lọ. Nígbà tí Asake bá kọ Yorùbá, tí agbo elégbè gbà á lẹ́nu rẹ̀, fetí sí ọ̀nà tí ohùn náà ń gbà. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí o ti ń kọ ti Bach. Kò ní rọrùn fún ọ.

Mo ti ṣe irú ohun tí o ṣe yìí rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé gángan wá síbi tí àwa akọrin ti ń dánra wò. Mo ní kó gbé e jáde. Kò padà wá mọ́. Lónìí, gángan ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò tilẹ̀ jẹ́ kó lù ú kí n gbọ́.

Màmá ìyá rẹ ní Ìsẹ̀ ṣì ń kọ àlámọ̀, orin ìbílẹ̀ àwọn obìnrin Èkìtì. Èyí tó kọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tó fúnra rẹ̀ dá náà wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó wà lórí ìwé. Bébà ni Mendelssohn rí tó fi lè jí Bach dìde. Bí o bá wá lásìkò Àjíǹde, jẹ́ kí a lọ bá màmá. Ìwọ ni kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí a óò fi gba ohùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ, ó sì mọ̀ ọ́n lò jù wá lọ.

Pè é lónìí. Má ṣàlàyé Bach fún un. Ní kó fi orin ọjọ́ Sátidé yẹn ránṣẹ́ sí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ