Ẹ Má Ya Aṣọ Ọba Ṣáínà Nípá Kúrò Lára Ìwé Òjò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ìpàtẹ méjì tí mùsíọ́mù kan ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní Ṣáínà, ọ̀kan lórí aṣọ ààfin àwọn ọba Qing (ìdílé ọba tó jẹ kẹ́yìn ní Ṣáínà), èkejì lórí ìtàn bí wọ́n ṣe ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ náà. Inú mi dùn pé ìwé ìròyìn Yorùbá rí ààyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ gbé e gbà dùn mí. Ojú ewé kan gbáko ni ẹ fi sọ̀rọ̀ òwú wúrà, iyùn àti iye tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń lọ fún lọ́jà gbàǹjo. Ìlà mẹ́ta péré ni ẹ fún ti ojú ọjọ́, ẹ sì ní àwọn ọmọ iléèwé ló máa wúlò fún. Iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì lè dákẹ́ lórí èyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìpàtẹ méjèèjì ń sọ. Ẹni tó wo aṣọ láìwo ìwé òjò, ìyẹn ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ọba ń kọ òjò tó rọ̀ sí, kò tíì rí aṣọ náà.

Ẹ wo aṣọ dírágónì ọba láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àwọn ìlà aláràbarà tó dagun létí ìṣẹ́tí rẹ̀, omi òkun jíjìn ni wọ́n. Lórí wọn ni ìgbì ti ń ru, òkè sì yọrí láàárín ìgbì náà. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ìkùukùu ló gba gbogbo aṣọ, inú ìkùukùu yìí sì ni dírágónì mẹ́sàn-án wà. Mẹ́jọ ni ojú ń rí. Ìkẹsàn-án fara pamọ́ sábẹ́ ibi tí aṣọ ti gbé ara lé ara níwájú. Oòrùn wà ní èjìká òsì, ẹyẹ kan sì wà nínú rẹ̀. Òṣùpá wà ní èjìká ọ̀tún, ehoro kan ń gún oògùn nínú odó nínú òṣùpá yẹn. Ìràwọ̀ wà nísàlẹ̀ ọrùn níwájú, òkè ńlá wà lẹ́yìn ọrùn. Sánmà, ilẹ̀ àti omi ni ọba gbé wọ̀.

Ẹ pe dírágónì yẹn ní ẹranko tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ará ìlú. Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Àwa tí a fi Bíbélì tọ́ dàgbà mọ dírágónì láti inú Ìfihàn orí kejìlá, níbi tí ó ti jẹ́ Sátánì fúnra rẹ̀. Ní Ṣáínà, dírágónì ló ni omi. Inú odò àti inú ìkùukùu ni ilé rẹ̀, òun ni wọ́n sì ń bẹ̀ kí òjò lè rọ̀. Ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Beijing, tẹ́ńpìlì kan wà ní Heilongtan, létí adágún Dírágónì Dúdú, tí àwọn ọba Qing máa ń lọ gbàdúrà òjò sí nígbà ọ̀dá. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ dírágónì eléèékánná márùn-ún sọ́rùn ti gbà pé òun ló dúró láàárín sánmà àti àgbẹ̀. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ọdún 1759 fi èyí hàn ju ọdún èyíkéyìí lọ. Ọ̀dá mú gan-an lágbègbè Beijing lọ́dún náà, ọba Qianlong sì ní láti ṣe ètùtù ńlá fún òjò. Ó bọ́ aṣọ dírágónì sílẹ̀, ó wọ aṣọ lásán, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi pẹpẹ Ọ̀run. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n parí ìwé òfin nípa ohun èlò ààfin tí wọ́n ń pè ní Huangchao liqi tushi, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1766. Ìwé yẹn ló sọ irú aṣọ tí olúkúlùkù yóò máa wọ̀, láti orí ọba títí dé orí ìjòyè tó kéré jù. Ìpín mẹ́fà ló ní. Ìkejì jẹ́ ti àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń wo sánmà, tí wọ́n sì fi ń ka àkókò. Ìkẹta jẹ́ ti aṣọ. Àwọn tó ni nǹkan wọ̀nyí fúnra wọn tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a wá wá fi ògiri là wọ́n láàárín.

Òfin náà tilẹ̀ so aṣọ mọ́ ìgbà. Àwọ̀ ìyeyè ni aṣọ àjọ ọba, àmọ́ búlúù ni ó ń wọ̀ nígbà tó bá ń rúbọ sí Ọ̀run, pupa fún oòrùn, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ fún òṣùpá. Fìlà onírun ni ti ìgbà òtútù. Nínú oṣù kẹta wọn, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tàbí ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, gbogbo ààfin yóò pààrọ̀ sí fìlà ìgbà ooru. Nínú oṣù kẹsàn-án, wọn yóò padà sí ti òtútù. Ìjòyè kan kò lè dá tirẹ̀ ṣe.

Èyí tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n ti ń hun ṣẹ́dà ààfin: Nanjing, Suzhou àti Hangzhou. Ẹni tí ọba finú tán ni wọ́n máa ń fi ṣe olórí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ wọ̀nyí, wọ́n sì máa ń kọ ìwé àṣírí sí ọba tààrà. Li Xu wà nípò yìí ní Suzhou láti 1693 títí dé 1722. Nínú ìwé tó ń kọ sí ọba Kangxi, ó ń sọ iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì, ó ń sọ bí ìkórè ṣe rí, ó sì ń fi àkọsílẹ̀ ọjọ́ òjò àti ọjọ́ ọ̀dá ránṣẹ́. Ẹ gbọ́ o: ọ́fíìsì tó ń hun dírágónì sára aṣọ ló tún ń ka òjò. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, bóyá ojú ọjọ́ mọ́ ni tàbí òjò rọ̀, bóyá òjò wẹ́ẹ́rẹ́ ni tàbí òjò ńlá, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dá. Ti Beijing wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọba tó ń ṣọ́ sánmà, àkọsílẹ̀ tiwọn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1724, kò parí títí di 1903.

Àwọn gómìnà ìgbèríko náà ní tiwọn láti 1736 títí di 1911. Bí òjò bá dá, òṣìṣẹ́ yóò lọ sí oko, yóò gbẹ́ ilẹ̀ títí tí yóò fi kan erùpẹ̀ gbígbẹ, yóò wá wọn ibi tí omi wọlẹ̀ dé. Cun ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ọ̀kan sì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Bó bá jẹ́ òjò dídì ló bọ́, gíga rẹ̀ lórí ilẹ̀ ni wọn yóò wọ̀n. Ọgbọ́n àgbẹ̀ gidi lèyí, nítorí ohun tí irúgbìn nílò ni omi tó wọlẹ̀, kì í ṣe èyí tó ṣàn lọ. Lónìí, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ṣáínà ń lo àwọn ìwé yìí láti mọ bí òjò ṣe rọ̀ ní àgbègbè odò Yangtze ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí kò sí ohun èlò ìgbàlódé kankan níbẹ̀. Zhu Kezhen (1890–1974), àgbà onímọ̀ ojú ọjọ́ wọn, ló ṣí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ohun tí àkọsílẹ̀ àtijọ́ lè sọ fún wa.

Ìdí nìyí tí inú mi kò fi dùn sí ìpàtẹ ojú ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ṣáínà láti Xujiahui ní Shanghai, níbi tí àwọn àlùfáà Jesuit ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣàkíyèsí ojú ọjọ́ ní 1872, tàbí láti Hong Kong tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1883. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, pàápàá lórí ìjì líle inú òkun. Àmọ́ àwọn tó ń ka òjò ti wà ńlẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹ tún wo àwọn ohun èlò idẹ tí wọ́n fi ń wo sánmà ní Beijing, nínú ilé ìwòràwọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1442. Àwọn ọmọ ogun Jámánì àti Faransé pín in láàárín ara wọn ní 1900. Potsdam ní Jámánì ni ìpín tiwọn wà kí àdéhùn Versailles, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, tó mú kí wọ́n dá a padà, ó sì dé ilé ní 1921. Àwa tí a mọ ohun tí ojú ère Benin rí ní 1897 kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé ta ló máa fẹ́ wo ìwé tí wọ́n kọ òjò sí nígbà tí aṣọ oníwúrà wà nítòsí. Èmi ò gbà. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ fún pé ilé iṣẹ́ tó hun aṣọ yìí ló kọ ìwé yìí, yóò dúró níwájú méjèèjì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ kọ ìròyìn kejì. Ẹ tẹ àwòrán ojú ewé kan nínú àkọsílẹ̀ òjò Suzhou tàbí Nanjing sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán aṣọ náà, kí ẹ sì kọ ìwé sí àwọn alábòójútó ìpàtẹ náà, kí ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kò fi sí lára ògiri ìpàtẹ ojú ọjọ́. Bí wọ́n bá fèsì, ẹ tẹ èsì náà jáde bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Èmi ni,
Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.