Owó Àsansílẹ̀ Kì Í Ṣe Èrè Oníṣẹ́

Sí Olóòtú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Ní ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, "Okun" ni a fi ń kí ara wa, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo wa pọ̀, ará Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Nítorí náà mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òǹkàwé yín pé okun o.

Kábà ni mo ń gbé. Báàjì àti sítíkà ni mo ń ṣe. Báàjì tí mo ń wí ni èyí tí a fi òwú rán, tí àwọn ọmọ iléèwé ń lẹ̀ mọ́ àpò àyà, tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹgbẹ́ ìlú ń rán mọ́ fìlà àti aṣọ ìpàdé. Sítíkà sì ni èyí tí àwọn tó ń ta zobo, òróró, oyin àti gààrí ń lẹ̀ mọ́ ike ọjà wọn. Èmi nìkan ni mo ń dá a ṣe. Èmi ni mo ń ya àwòrán, èmi ni mo ń gba owó, tí mo ń kọ orúkọ sínú ìwé, tí mo ń lọ dúró ní gáréèjì de ọkọ̀ tó gbé ẹrù mi, tí mo sì ń dá oníbàárà tó pè mí ní òru lóhùn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa lemọ́lemọ́, pé ẹnikẹ́ni tó bá gba owó kí ó tó fi ọjà hàn, gbájúẹ̀ ni. Mo mọ ohun tó bí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí àdúgbò kan tí a kò ti ní ẹni tó sanwó fún nǹkan tí kò rí gbà, n kò sì ní dá ẹni tó ń ṣọ́ra lẹ́bi láé. Ṣùgbọ́n bí a bá pe gbogbo owó àsansílẹ̀ ní olè, iṣẹ́ irú tèmi kò ní lè wà ní ilẹ̀ Okun, gbogbo ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ báàjì yóò sì máa wá a lọ sí ìlú ńlá lọ́dọ̀ ẹni tí wọn kò mọ ilé rẹ̀.

Ẹni tó ń ta bàtà lè kó o jọ sí ìsọ̀, bí Lágbájá kò bá rà á, Tàmẹ̀dò yóò rà á. Báàjì tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín sí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè rà á. Bí mo bá fi owó ara mi ṣe 80, tí ìjà sì dé láàárín ẹgbẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ yóò kú sí.

Bákan náà, kí ẹ̀rọ mónógíráàmù tó rán ojú abẹ́rẹ́ kan, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà kí ó sọ àwòrán yín di ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ yóò tọ̀: ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí òwú yóò kọrí sí, àti ibi tí yóò ti gé òwú kí ó tó mú àwọ̀ mìíràn. Iye owó ètò yìí kì í yí padà, ì báà jẹ́ báàjì kan ni ẹ fẹ́, ì báà jẹ́ 100. Ká ní ₦10,000 ni, ẹni tó ṣe báàjì 10 yóò ru ₦1,000 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ṣe 100 yóò sì ru ₦100 péré. Ìlọrin ni ẹ̀rọ tí mo ń lò wà, ẹni tó ni ín kì í sì tan ẹ̀rọ nítorí báàjì mẹ́ta. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ṣí ìwé tí mo ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí mo ń kó gbogbo àwọn tó sanwó jọ, tí mo sì ń ti ìwé náà kí n tó gbé iṣẹ́ lọ.

Ó yà mí lẹ́nu pé a ń bẹ̀rù ètò yìí, nígbà tó jẹ́ pé a ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Kí ni aṣọ ẹbí bí kò ṣe èyí gan-an? Ìyàwó yóò yan ẹnìkan, wọn yóò fi àwọ̀ aṣọ hàn, wọn yóò dá ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé, gbogbo ẹbí yóò sì sanwó kí ẹnikẹ́ni tó rí aṣọ náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n hun aṣọ òkè fún òun, ó mọ̀ pé òun yóò fi owó òwú sílẹ̀. A kì í pe ẹni tó ń gba owó aṣọ ẹbí ní olè, nítorí pé a mọ̀ pé owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Owó ẹbí ni títí aṣọ yóò fi dé. Ohun tí mo gbàgbọ́ nípa iṣẹ́ mi náà nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì rò pé ọ̀pọ̀ àwa oníṣẹ́ ti ń ṣìnà. Àlẹ́ẹ̀tì owó yóò dún lórí fóònù wa, a ó sì rò pé a ti jèrè. A ó fi san owó ilé, a ó fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀, a ó wá máa retí owó oníbàárà tó kàn láti fi ṣe iṣẹ́ ti àkọ́kọ́. Ibi tí gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹni tí kò ní èrò olè lọ́kàn tẹ́lẹ̀ yóò sì wá di ẹni tí wọ́n ń wá kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi náà ṣe kọ́ ọ. Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan ní ìtòsí Mọ̀pà ní kí n ṣe báàjì 60 fún àwọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lórí báàjì náà ni "Ẹgbẹ́". Lẹ́tà náà kéré, àmì abẹ́ rẹ̀ kò sì ju ẹyọ ìyẹ̀fun lọ. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rò pé ìdọ̀tí ni, ó sì pa á rẹ́. Mi ò rí i lójú àwòrán tó fi ránṣẹ́ sí mi, nítorí pé mo kánjú, mo sì ní kí wọ́n máa rán an lọ. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyá àgbà tó jẹ́ alága wọn mú ọ̀kan, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ka ohun tó wà níbẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, àwa ò ní ègbé níbí o." Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè sọ.

Mo tún gbogbo 60 náà ṣe, n kò sì gba kọ́bọ̀ kún owó àkọ́kọ́. Èrè oṣù méjì ni ó bá a lọ. Ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ni pé n kò tíì fọwọ́ kan owó tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí mo bá ti ná an ni, ǹ bá ti máa sá fún àwọn ìyá wọ̀nyẹn títí di òní.

Láti ìgbà náà, mo ti kọ́ púpọ̀ nípa àmì abẹ́ wa, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ báàjì fún wa mọ̀ ọ́n. Òwú ní ìwọ̀n tirẹ̀, abẹ́rẹ́ kò sì lè rán ohun tó tín-ín-rín ju òwú lọ. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ní ẹ, ọ tàbí ṣ, mo máa ń mú kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, mo sì máa ń sọ àmì abẹ́ di ìlà kúkúrú tí abẹ́rẹ́ lè rán dáadáa. Sítíkà kò ní ìṣòro abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀. Nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn; ẹ tó tún ní àmì ohùn lórí kò ní ààyè kan ṣoṣo tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò to àmì náà lé e lórí, ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tó rẹwà ni kò sì mọ̀ ọ́n tò. Àmì yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó gun lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Mo máa ń fi ọwọ́ gbé wọn sí ipò wọn níkọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, ó sì wà lára ohun tí owó àsansílẹ̀ ń rà fún yín: kí ẹnìkan jókòó ti orúkọ yín títí yóò fi jẹ́ orúkọ yín ní tòótọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì dé ní ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni ìkéde jáde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kásẹ̀ nílẹ̀; nígbà tó di oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní ọjà owó òkèèrè, kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye rẹ̀. Ìwé sítíkà mi ṣí sílẹ̀ nígbà náà, ẹni 43 sì ti sanwó. Owó wọn wà nílẹ̀ ní pípé, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ra rọ́bà sítíkà, èyí tó ń ti òkè òkun wá. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, iye rẹ̀ ti yí padà, owó ọkọ̀ pẹ̀lú sì ti fò sókè. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí gbogbo wọn ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́fà gba owó wọn padà, mo sì rí i fún wọn nítorí pé ó wà níbẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ àwọn yòókù ní iye tí a ti jọ sọ. Mo pàdánù, ṣùgbọ́n títí di báyìí àwọn ni wọ́n ń mú oníbàárà tuntun wá fún mi. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí mo bá ti ìwé ni mo ń ra ohun èlò.

Òfin náà kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe sọ pé oníbàárà lè fagi lé ohun tó ti ní kí wọ́n ṣe fún òun sílẹ̀, kí oníṣòwò sì yọ ìwọ̀n owó tó bójú mu. Ní tèmi, ẹni tó bá yí èrò padà kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ ètò, gbogbo owó rẹ̀ ni yóò gbà. Bí ètò bá ti parí, mo máa ń yọ owó ètò nìkan. Bí ẹ̀rọ bá ti rán an, mo máa ń fi ìwé ìnáwó hàn án kí n tó yọ ohunkóhun. Mo rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí wọ́n kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí oníbàárà sì kà á kí ó tó fi owó ránṣẹ́.

Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ tún gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ lásìkò. Ibà dá mi gúnlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọdún tó kọjá, kò sì sí ẹni tó lè bá mi gbé ẹrù láti gáréèjì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ láti Ìlọrin kò ní kúrò lọ́jọ́ tó yẹ, nítorí pé àwọn awakọ̀ kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wọn lójú ọ̀nà, a kò sì lè bá wọn wí bí ọ̀nà wa ti rí lónìí. Oníbàárà yóò fara da gbogbo èyí bí a bá tètè sọ fún un. Ẹni tó bá pa fóònù ní ọjọ́ tí ẹrù pẹ́ ló ń ba gbogbo wa jẹ́.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ sí ẹgbẹ́ ìlú, iléèwé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní ilẹ̀ wa. Ẹ yan ẹnìkan ṣoṣo tí yóò máa bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti gba àkọlé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ àwọn olóyè ẹgbẹ́ kan ṣoṣo rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní tòun ló tọ̀nà. Bí a bá fi sáńpù ránṣẹ́, ẹ fún un ní àgbà tó mọ ìwé Yorùbá kà dáadáa kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀rọ̀ dáhùn pé ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ má fi àwòrán àtàǹpàkò orí fóònù nìkan dáhùn, nítorí pé kò fi hàn bóyá ẹ rí i tàbí ẹ kà á. Ẹ má sì dúró di ọ̀sẹ̀ tí àlejò ń wọlé.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun máa ń wálé ní Kérésìmesì, ìgbà náà ni ìpàdé ìlú àti ti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sì ń pọ̀ jù lọ. Láti ọjọ́ tí mo bá ti ìwé títí báàjì yóò fi dé Kábà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ń dá. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ tirẹ̀ fún oṣù Kejìlá, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni yóò ti ṣe é tàbí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ mìíràn, kí ó ti fohùn ṣọ̀kan lórí àkọlé rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí oṣù Kẹwàá tó parí. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè bá wa tẹ èyí jáde kí oṣù Kẹwàá tó wọlé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Àǹtí Oníbáàjì,
Kábà, Ìpínlẹ̀ Kogí.