Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi, lẹ́yìn tí mo ti Havana dé

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ ni mo bá nílé nígbà tí mo ti Havana, olú-ìlú Kúbà, dé, mi ò sì fẹ́ kí ìròyìn náà tutù lẹ́nu mi kí n tó fèsì. O ní oṣù Kìn-ín-ní ni ìwọ àti ìyàwó rẹ fẹ́ lọ síbẹ̀, torí ìgbà yẹn ni gbogbo ènìyàn ń lọ. Ohun tó fi yẹ kí ẹ yẹra fún un gan-an nìyẹn. Oṣù Kọkànlá ni kí ẹ lọ.

Láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní Kúbà. Tó bá sì ti ń lọ sí ìparí oṣù Kejìlá, àwọn tó ń sá fún òtútù ìlú wọn á ti ya débẹ̀, wọn ò ní kúrò bọ̀rọ̀. Àárín méjèèjì ni mo bọ́ sí. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, èrò kò tíì dé, oòrùn ń ràn ṣùgbọ́n kò ta ni lára. Láàárọ̀, mo máa ń rin òpópónà Obispo já láìfi èjìká gbá ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ìlú ráyè àlejò. Wọ́n á bi ọ́ níbi tí o ti wá, wọ́n á sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ká ní wọn ò ráyè ni, ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ yìí kò ní dé etí mi.

Mi ò ní fi ewu ibẹ̀ pa mọ́ fún ọ. Ìgbà ìjì líle kì í parí àfi lọ́gbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá. Ní 2024, ọjọ́ kẹfà oṣù náà ni ìjì tí wọ́n pè ní Rafael jà ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, iná mànàmáná sì kú káàkiri orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè bá ọ yí ọjọ́ rẹ̀ padà ni kí o rà. Atẹ́gùn tútù láti àríwá náà máa ń bẹ̀rẹ̀ lásìkò yẹn. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ló fẹ́. Òkun ru, omi fo ògiri Malecón, ó ya bo ojú títì, wọ́n sì dá ọkọ̀ dúró. Ògiri yìí gùn tó kìlómítà mẹ́jọ létí òkun, 1901 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n. Nígbà tí òkun rọ̀, orí rẹ̀ náà ni gbogbo ìlú padà wá jókòó sí nírọ̀lẹ́: àwọn olólùfẹ́, àwọn apẹja, ọmọkùnrin kan tó ń fọn fèrè sí òkun bí ẹni pé òkun ló ní kó wá. Tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àgbá á dún láti odi La Cabaña, lódìkejì omi. Alaalẹ́ ni wọ́n ń yìn ín.

Iná ń lọ, ó sì ń pẹ́ kó tó dé. Má dé sí hòtẹ́ẹ̀lì, yàrá nínú ilé onílé ni kí o gbà, "casa particular" ni wọ́n ń pè é. Ìyá tó gbà mí sílé máa ń gbé àga síta tí iná bá ti lọ, àwọn aládùúgbò á gbé tiwọn wá, a ó sì jọ jókòó títí oorun á fi kùn wá. Mú owó yúúrò dání, torí káàdì báńkì Amẹ́ríkà kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Oògùn ṣọ̀wọ́n. Mú tìrẹ lọ, kí o sì mú díẹ̀ lé e fún ẹni tí o bá dé sọ́dọ̀ rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà ni mo fẹ́ kó bá ọ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ìrántí ìtẹ̀dó Havana, ní 1519. Nítòsí èbúté, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní El Templete, igi kan wà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìlú á tò síbẹ̀, tọmọdé tàgbà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á yí igi náà po lẹ́ẹ̀mẹta láìfọhùn, á fọwọ́ kàn án, á ju owó ẹyọ sí ìdí rẹ̀, á sì fi inú tọrọ ohun tó ń fẹ́. Mo tò ju wákàtí méjì lọ. Ó kù díẹ̀ kó kàn mí ni mo gbójú sókè wo ewé rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, àràbà ni! Wọ́n ń pè é ní ceiba lédè Sípéènì, àmọ́ àràbà tiwa gan-an ni. Kò tíì dàgbà, torí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti kú, ńṣe ni wọ́n ń tún un gbìn.

Ìyá àgbà tó wà níwájú mi pè é ní "Iroko". Ó ṣe mí ní kàyéfì, kó tó yé mi. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú débẹ̀ kò bá ìrókò níbẹ̀. Àràbà ni wọ́n bá, wọ́n sì kó gbogbo ọ̀wọ̀ ìrókò lé e lórí. Àwa ń wí pé àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò. Lọ́hùn-ún, igi méjèèjì ti di ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Regla, ní òdìkejì èbúté. Kò gùn rárá. Wọ́n yẹ àpò wa wò kí a tó wọlé, a sì dúró gbọọrọ bí ẹní wọ mólùè. Bí o bá ti gúnlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì lo máa kọ́kọ́ rí, ó kọjú sómi. Ère Màríà tó wà nínú rẹ̀ dúdú, ọmọ tó gbé lọ́wọ́ funfun. Àwọn olórìṣà mọ̀ pé Yemọja ni. Ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án ni ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá tí kò sí èrò, mo ráyè jókòó.

Ọmọbìnrin kan jókòó tì mí, aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ búlúù àti funfun lọ́rùn. Ó ní "iyawó" ni òun. Mo kí i kú oríire, mo ṣe bí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. Ìyá tó mú un wá ló ṣàlàyé pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ni o tàbí obìnrin, odidi ọdún kan ló sì máa fi wọ funfun. Ìyàwó òrìṣà! Èdè Sípéènì mi kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìyá yìí ń ka ọ̀rọ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú mi: omí, ilé, ewé, obí, oñí, aché. Mo ń dá a lóhùn: omi, ilé, ewé, obì, oyin, àṣẹ. Nígbà tó dé "moforibale", ó dìde, ó sì wólẹ̀ sí ère náà. O mọ̀ pé ìdí pẹpẹ ni wọ́n ti tọ́ mi. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì wá bí mo ṣe máa dá a dúró.

Èbúté tí a ń wò yẹn ti gba ọkọ̀ ẹrú púpọ̀. Sípéènì fòfin de kíkó wọn wọlé ní 1820, ṣùgbọ́n òwò náà kò dúró títí di 1867, wọ́n kàn ń já wọn sí etíkun níbi tí ojú kò tó ni. Lábẹ́ òfin yẹn gan-an ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú tiwa, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú. Wọn kò dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Kúbà àfi ní 1886. Mo ṣírò rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Ìyá ìyá ìyá obìnrin yẹn lè ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lẹ́nu ẹni tó bá ọkọ̀ dé.

Kí n tó dìde, ìyá náà bẹ̀ mí ní nǹkan kan. Orin Yemọja tí wọ́n kọ́ ọ wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ wọn, ó sì fẹ́ gbọ́ bí a ṣe ń pè wọ́n. Ó kọ méje sínú ìwé fún mi. Mẹ́rin yé mi, mẹ́ta kò yé mi rárá. Mo rántí Màmá rẹ, tí kò sí orin àtijọ́ tí kì í dá. Mo fi ìwé náà sínú lẹ́tà yìí. Jọ̀wọ́, kà á fún wọn, kí o gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kí wọ́n rọra pè é. Ilé ìyá yìí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì náà, mo kọ bí o ṣe máa débẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà. Ìwọ ni kí o mú un lọ fún un, ní oṣù Kọkànlá.

Bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi kí ìyàwó rẹ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.