Odò kún, wọ́n sàmì sí i

Àkànní ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kò kúrò lọ́kàn mi. O ní orí ló bá àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ṣe é, pé Odò Náílì ló ṣe gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Lóòótọ́ ni odò náà ṣe bẹbẹ. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Èyí tó ń rọ̀ lórí òkè Etiópíà ló ń mú odò kún lọ́dọọdún nígbà náà, tí yóò bo oko, tí yóò sì fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀ kó tó fà. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n ń gbin àlìkámà àti ọkà báálì sí. Abájọ tí wọ́n fi pe ilẹ̀ wọn ní Kemet, ilẹ̀ dúdú.

Ṣùgbọ́n odò yìí kan náà ló ń dà wọ́n láàmú. Bó bá kún àkúnjù, a gbé abúlé lọ. Bí kò bá kún tó, ìyàn dé. Ní erékùṣù Elephantine tó wà láàárín odò náà, lẹ́bàá ìlú Aswan, wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn òkúta sọ̀kalẹ̀ sínú omi, wọ́n sì fín àmì sára ògiri rẹ̀. Ibi tí omi bá dé lára ògiri yẹn ni wọ́n fi ń mọ bí ìkórè yóò ṣe rí, òun náà ni ọba fi ń mọ iye ọkà tí yóò gbà ní owó orí.

Lọ́dún 2013, wọ́n rí àwọn ìwé papírọ́ọ̀sì kan, ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi koríko etí odò ṣe, létí Òkun Pupa, wọ́n ti tó nǹkan bí 4,500 ọdún. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ̀gá atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Merer wà nínú wọn: ọjọ́ tí wọ́n di òkúta sọ́kọ̀ ní Tura, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta, ibi tí wọ́n sùn, ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀ ní Giza, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ pírámíìdì, ibojì ńlá ọba Khufu. Ọ̀gá atukọ̀ ló ń kọ nǹkan sílẹ̀ báyìí o, Àkànní, kì í ṣe ọba! Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, mo pe bàbá rẹ kó wá gbọ́.

Owó kọ́ńtíráàtì tìrẹ náà, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń ya wọlé, lẹ́yìn náà yóò gbẹ. Lọ́dún tó kọjá, oṣù kẹta lo gbà á. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, o ti ń yá owó oúnjẹ lọ́wọ́ àbúrò rẹ. Mi ò fi bú ọ. Ra ìwé kan, kí o máa kọ iye tó wọlé, ọjọ́ tó wọlé, àti ohun tó gbé e lọ. Bí ti ọdún yìí bá ti dé, kọ́kọ́ ya owó ilé àti oúnjẹ oṣù mẹ́fà sọ́tọ̀ ná, kí o tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, títí kan èmi.

Mú ìwé náà dání bí o bá ń bọ̀ nígbà Àjíǹde, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ